Orúkọ Kan Ṣoṣo Tí Ẹ Sọ Mí

Bàbá mi, ẹ kú ilé. Singapore dùn, mo ń jẹun dáadáa.

Ẹ ní kí ló dé tí wọn kì í dárúkọ mi lórí ìwádìí iná mànàmáná inú ọpọlọ tí mo ṣe. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní dandan ni orúkọ méjì; Sumarsih nìkan lẹ sì sọ mí, láìsí orúkọ ìdílé, bí àṣà wa. Ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Teo, ní: "Fi tèmi parí ẹ̀, ṣebí ọmọ mi ni ọ́." Èmi òmùgọ̀, mo gbà. Orúkọ ìparí ni àwọn onímọ̀ fi ń tọ́ka síṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún ìgbà, látorí oníṣègùn ọpọlọ dórí onífísíìsì, "Teo" ṣáá ni wọ́n ń kọ. Mo ní ká tún un ṣe, olè náà rẹ́rìn-ín: "Ta ló ń bínú sórúkọ bàbá ẹ̀?"

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ kí Wahyuni, àbúrò mi tó lóyún. Orúkọ méjì ni kẹ́ ẹ sọ ọmọ rẹ̀.

Sumarsih, ọmọ yín.