Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ ní Etídò Ogbe-Ijoh

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Warri níbí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Láńre àti ìyàwó wọn, mo sì kí Àǹtí Bùnmi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ara le.

Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ yín ń ṣe ìwádìí lórí àrùn éèdì, pé ẹ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é. Ojú ló ń tì mí tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, torí àṣírí ẹlòmíràn ni mo tú, ó sì yẹ kí tèmi náà wà níta.

Iṣẹ́ wa nìyí: àwọn tí kòkòrò éèdì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara wọn là ń wá. Kòkòrò náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ó dà bí àwọn ọmọ ìyá kan tó fọ́n ká sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìrísí kálukú wá ń yàtọ̀. Bí a bá tètè rí i, a lè mọ irú èyí tó ń ràn kiri àti ibi tó ń gbà kọjá. Ẹ má sì pè é ní kògbóògùn mọ́ o. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé á pẹ́ láyé.

Obìnrin kan wà, ará Ìlàjẹ, tó ń ta ẹja gbígbẹ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Màámi, ebi èdè wa ń pa mí níbí: Píjìn láàárọ̀, Píjìn lálẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí pàápàá, bí ẹ bá kí wọn, Píjìn ni wọ́n á fi dáhùn. Nílé ìwòsàn wa, obìnrin yìí nìkan ló ń bá mi sọ Yorùbá. Àbúrò ló ń pè mí. Tó bá ti dé, ara mi á yá gágá.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé ó ní kòkòrò náà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Lẹ́yìn náà ni èsì tiwa dé: irú èyí tí a kì í sáábà rí lágbègbè yìí ló wà lára rẹ̀. Mo yọ̀. Ẹ gbọ́ o, Màámi, mo yọ̀ sí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń pè mí lábùúrò. Mi ò lè dúró dọjọ́ tó máa wá. Mo lọ bá a nídìí àtẹ rẹ̀ ní ọjà etídò Ogbe-Ijoh, mo fi Yorùbá sọ gbogbo rẹ̀ fún un ketekete, torí mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo rò pé èéfín ló kó sí i lójú.

Obìnrin tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mi ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí, ọmọ Abẹ́òkúta ni ìyá tó bí i. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ọ̀rọ̀ ti gba ọjà kan. Àwọn oníbàárà ń kọjá níwájú àtẹ ẹja náà bí ẹni tí kò rí i. Ẹnu tèmi ni kò mẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló kó ọ̀ràn bá. Kò yọjú sílé ìwòsàn mọ́, oògùn rẹ̀ sì ń tán lọ. Èmi sì mọ ohun tí àìlò oògùn ń fà.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa obìnrin. Ó ní mi ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn mọ́. Ìgò ni mò ń fọ̀ báyìí, ó sì tọ́ sí mi. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ obìnrin náà, tó sì bi í bóyá ó gbà kí n wá tọrọ àforíjì. Ó gbà.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní àdúgbò Ijala, mo bẹ̀bẹ̀ títí ohùn mi fi há. Kò bú mi. Ó ní kí n dìde, pé òun ti ń gba oògùn òun nílùú mìíràn, òun sì ń lò ó. Píjìn ló fi sọ ọ́. Mo dúpẹ́, mo tún bá a sọ Yorùbá. Ó wò mí lójú, ó pè mí ní ọ̀gá, ó fi Píjìn dáhùn pé kí n má bínú, òun ò gbọ́ Yorùbá.

Màámi, ẹ bá mi gbàdúrà fún un kí ẹ tó gbàdúrà fún mi. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin èyíkéyìí nínú wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Dàpọ̀.