Kí Ọmọdé Má Ru Ẹrù Òkú: Ìgbésí Ayé Dókítà Simone Olútóyè Tidjani (1926–1979)

Treichville, ní Abidjan, ni wọ́n bí Màmá wa sí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n ní ìlú wọn, Èjìgbò ni wọn yóò kọ́kọ́ dá yín lóhùn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1926 ni wọ́n dé ilé ayé. Olóògbé Samuel Ọlọ́runlékè, tí ó ń ta aṣọ, ni bàbá wọn. Olóògbé Dorcas Àyìnkẹ́, tí ó pàtẹ abọ́ tánganran sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ ní ọjà ńlá Treichville, ni ìyá wọn. Ìdí ọjà yìí ni wọ́n ti gbọ́ Yorùbá, Faransé àti Júlà pọ̀, títí tí wọ́n fi dàgbà ni wọ́n sì ń ka owó ní Faransé tí wọ́n ń bínú ní Yorùbá.

Orí wọn pé sí ìwé. Lọ́dún 1945 ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Dakar, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjá sí Bordeaux láti di dókítà. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀wé sílé pé ìtọ́jú ọpọlọ àti ọkàn àwọn ọmọdé ni àwọn fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Ìyá wọn ní kí wọ́n tún lẹ́tà náà kà. Ẹnu ya ìyá, wọ́n ní, “Ẹ gbà mí! A ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ibà, ó lọ kọ́ wèrè. Tọmọdé tún ni!”

Ọdún 1952 ni wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Alidou Tidjani, ọmọ Àjàṣẹ́, tí ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ṣe. Àwọn àgbà ìjọ kùn pé onímàle ni, àwọn ààfáà náà kùn pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí wọ́n padà sí Abidjan lọ́dún 1961, tí Bàbá ríṣẹ́ sí èbúté Vridi, ilé wọn lẹ́bàá Anoumabo di ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran iléyá tí wọ́n tún ń kọrin Kérésìmesì. Ẹni tó bá ráhùn, Bàbá á ní kó gbé abọ́ rẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó gbé abọ́ lọ tó tún ráhùn mọ́. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, Moufoutaou àti Micheline.

Lọ́dún 1962 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan nínú bárékè àwọn sójà. Ọmọ sójà ni wọ́n ń tọ́jú: èyí tó ń tọ̀ sórí ẹní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú Bouaké, èyí tí kì í lanu nílé ìwé, àti ọ̀dọ́ tó ń jágbe mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ bí ọ̀gá sójà. Kò sí bẹ́ẹ̀dì kankan níbẹ̀. Ọmọ á wá, á jókòó tì wọ́n lórí ẹní, á fi páálí ìṣáná kọ́lé, á sọ tẹnu rẹ̀, á sì padà sílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ìyàwó ọ̀gágun ló máa ń wọlé ṣáájú ìyàwó sójà kékeré. Màmá ní irọ́ ni o, ọmọ tó bá kéré jù ni yóò máa wọlé ṣáájú. Ìyàwó kọ̀mándà kan bínú lọ, ó tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tò sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Màmá fúnra wọn ní a kò gbọdọ̀ fi bò. Lọ́dún 1969, Sájẹ́ǹtì Issiaka, ọmọ Kétu, mú ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ wá. Sidikatou ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, Yétúndé ni nílé. Ọmọ náà kì í jẹun, kì í sùn. Dókítà kan nínú bárékè bi í léèrè, ó dáhùn pé òun ni ìyá bàbá òun, pé òun ti kú rí ní Kétu. Dókítà yẹn kò gbọ́ Yorùbá. Ó kọ ìwé pé orí ọmọ ti dàrú, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Màmá ka ìwé náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ Yétúndé nínú wa? Wọ́n kọ èsì pé orúkọ lásán ni, kì í ṣe àrùn, wọ́n sì ní kí ọmọ máa lọ sílé. Ọjọ́ kẹwàá, Issiaka lọ fún ìdánrawò ogun nínú igbó. Lọ́jọ́ kẹta tó lọ, ìyá ọmọ gbé e dé lápá, ètè rẹ̀ ti bó, kò lè nàró. Ìwé àkọ́kọ́ tún jáde: ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa wá gbé e lọ. Màmá sunkún lójú ìyá náà. Wọ́n ní orúkọ tí àwọn mọ̀ ju bó ti yẹ lọ ni kò jẹ́ kí àwọn béèrè.

Wọ́n wá béèrè. Ọmọ sọ fún wọn lórí ẹní pé bí bàbá òun bá ti ń dé fìlà sójà, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá mi, ẹ má tún kú kí n tó dé o.” Ojú ogun Àljéríà ni Issiaka wà pẹ̀lú àwọn sójà Faransé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó fi àwàdà bo ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, àwàdà ọ̀hún ni ọmọ sọ di iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ sùn, kí ikú má baà bá a lójú oorun, ìbẹ̀rù yìí náà ni kò sì jẹ́ kó jẹun.

Màmá ní kí wọ́n pe Issiaka dé láti inú igbó. Wọ́n ní kó sọ fún ọmọ pé ọmọ náà kọ́ ni ìyá òun. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, òun tún ti pa ìyá òun lẹ́ẹ̀kejì. Màmá ní, “Issiaka, òkú yín ni ọmọ ọdún mẹ́jọ rù sórí yìí. Ẹ gbà á lórí rẹ̀.” Ọkùnrin náà sunkún títí. Nígbà tó jáde, ó pe, “Sidikatou!” Ọmọ wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ló ń pè. Ó lóṣòó síwájú ọmọ, ó ní àìsàn ló pa ìyá òun, kì í ṣe nítorí pé òun lọ sógun, àti pé ọmọ òun ni Sidikatou. Ọmọ bi í pé, “Ẹ ò ní bínú pé n kì í ṣe ìyá yín?” Ó ní rárá. Ọmọ ní ebi ń pa òun. Kò sẹ́ni tó wá gbé e lọ́jọ́ Ajé.

Màmá sìn nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, wọn kò sì mọ orin í kọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pàṣẹ kí àwọn ẹlòmíràn má fi ṣeré ni àwọn fúnra wọn fi ṣeré. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1979, wọ́n dákẹ́. Ó dùn wá, ó dùn wá jọjọ.

Wọ́n fi ọkọ àti ọmọ méjì sáyé lọ, àti ọmọ-ọmọ kan tó ṣì wà nínú oyún. Ọmọbìnrin ni ọmọ-ọmọ yìí. Fatou, ìyàwó Moufoutaou, bí i ní ọjọ́ kẹrin tí Màmá lọ. Kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ tán ni gbogbo ilé ti ń pariwo Yétúndé, Bàbá wa náà sì nawọ́ gbà á, wọ́n ní, “Olútóyè, o dé?” Ó wù wá. Ta ni kò ní wù? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Moufoutaou sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọmọ́tóyọ̀sí, ó jókòó, ojú rẹ̀ kún fún omi. Bàbá wa tún nawọ́ gba ọmọ, wọ́n ní, “Ọmọ́tóyọ̀sí, káàbọ̀.”

Nítorí náà, Màmá, ohun tí wọ́n máa ń bẹ òkú, àwa kò ní bẹ̀ yín. A kò ní kẹ́ ẹ tún padà wá yà lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti ṣe é tó. Àwa la ó máa sunkún yín, a kò ní gbé e fún ọmọdé. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára. Ẹ sùn re o.