Ẹ̀rín Berthe ní Ọjà Igana

Pobè,
Ọjọ́ Àìkú.

Crépin, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará Sakété tó ṣì rántí mi, bí wọn ò bá tiẹ̀ pé méjì. Mo gbàdúrà pé kí ara yín le bí ògiri yàrá mi, torí òun nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí, kò sì tíì fèsì.

O rántí pé olùkọ́ wa ní pọlitẹ́kíníìkì máa ń sọ pé fótò tó dára jù ni èyí tí ẹni tí a yà kò mọ̀ sí. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bí ìgbàgbọ́ ìjọ. Lóṣù tó kọjá, ní ọjà Igana, mo rí obìnrin kan nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó ń ta gbágùúdá, ó ń rẹ́rìn-ín títí erìgì rẹ̀ fi yọ. N ò kí i, n ò bi í léèrè. Mo yà á, mo gbé e sí Wasáàpù. Àwọn tí kò dá mi lóhùn rí láti ìgbà tí mo ti dé Pobè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi: "Ọ̀gá, ọwọ́ rẹ mọ́!" Mo rò pé mo ti ní ọ̀rẹ́.

Fótò náà rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ obìnrin náà. Berthe ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nínú ilé wọn, opó kì í rẹ́rìn-ín níta títí wọn yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ní ikú ọkọ dùn mọ́ ọn, kó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Towé, kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀.

Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹ̀rín lásán ni. Bàbá Bonaventure, olórí ilé, wò mí. "Oní-fótò, ṣé àwòrán rẹ ń parọ́ ni?" Mo ní rárá. "Ó tán nìyẹn. Dìde, o ń ba ṣòkòtò rẹ jẹ́."

Mo bá Berthe lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń di ẹrù. Kò bú mi. Ó ní, "Ìwọ ni? Gbogbo ayé ti rí i, èmi nìkan ló kù. Mú un wá." Ó wò ó títí. Ó ní, "Oníbàárà kan bínú lọ, ó tún padà wá kí mi bí ẹni pé a ò rí ara wa rí. Bí bàbá àwọn ọmọ mi ṣe máa ń nájà nìyẹn. Òun ni mo rí tí mo fi rẹ́rìn-ín." Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún wọn. Ó ní, "Èyí tí o ti sọ fún wọn tó. Pa á rẹ́." Mo pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ó ti wà ní Towé báyìí, àwọn ọmọ wà ní Igana. Bí mo bá wọ ọjà, àwọn obìnrin á da ìborùn bojú. Wọ́n ń tajà fún mi o, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn nìkan ni mò ń rí. N kì í gbé ẹ̀rọ fótò dání mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń bojú. Ó jọ pé èmi gan-an ni ẹ̀rọ náà.

Kí Ọlọ́run pa ilé rẹ mọ́ lódindi. Kí ẹ̀rín má di ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Fortuné.

Àfikún: Lọ́jọ́ tí mo gbé fótò náà sí Wasáàpù, mo fi í ránṣẹ́ sí ìwọ pẹ̀lú. Jọ̀wọ́, pa á rẹ́. Má kọ́kọ́ wò ó.