Mi Ò Ní Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Ìyá Rẹ Kúrò Níwájú Ṣọ́ọ̀bù

Ọmọ mi, Ìyá Kékeré, bí a ti ń pè ọ́ láti kékeré nítorí ojú ìyá rẹ tí o gbé wá sáyé,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé àkàbà tí ẹ fi ń gun ògiri àwọn oníbàárà yín láti gbé tẹlifíṣàn kọ́ ṣì dúró dáadáa? Ọlọ́run tó ń mú ọ gùn ún ni yóò máa mú ọ sọ̀ kalẹ̀, iná mànàmáná kò ní gbé ọ, ohun tí o bá sì gbé kọ́ kò ní já lé ẹnikẹ́ni lórí. Tí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe wà, ara mi le, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ àbúrò ìyá rẹ ti bímọ, òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò sì jò mọ́. Ìròyìn ilé ti parí, ó wá ku ìjà.

Ọmọkùnrin oníbàtà pupa tí o rán wá láti ọ́fíìsì yín á ti sọ fún ọ pé mo fi hámà lé òun. Irọ́ ló pa. Hámà wà lọ́wọ́ mi nítorí pé káfíńtà ni mí, kí ló fẹ́ kí n mú dání lẹ́nu iṣẹ́, ṣíbí ni? Mo kàn sọ fún un pé tẹlifíṣàn tí o gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti máa fi polówó ọjà mi kò kúrò níbẹ̀, kó gbé páálí ńlá rẹ̀ padà síbi tó ti gbé e wá. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo ń sọ fún ọ. O lè pè mí lórí fóònù títí etí mi á fi gbóná, mi ò gbà.

O ní tẹlifíṣàn inú yàrá ni èyí tó wà níbẹ̀, pé kò yẹ kó wà lójú títì, oòrùn àti eruku á pa á, àti pé o ti bá mi yan òmíràn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti oòrùn lọ, tó ní gíláàsì tó nípọn àti irin yíká. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan? Mo ti kan kọ́bọ́ọ̀dù yí i ká, igi gidi, ilẹ̀kùn méjì, àti àgádágodo. Tí oòrùn bá ti le, mo máa ń tì í pa kó lè sinmi. Oníbàtà pupa ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń ti pátákó ìpolówó mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó kan ilẹ̀kùn.

Ti ihò tí ẹ ń pariwo lé lórí yẹn, ẹ̀bi mi kọ́. Nígbà tí mo yí tẹlifíṣàn náà padà láti wọn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, mo rí ihò wínníwínní lọ súà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, pé wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ níbi tí o ti rà á. Mo po ìyẹ̀ pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, mo dí gbogbo rẹ̀, mo fi sáńpépà fá a, ó ń dán. Kò pẹ́ tó fi gbóná bí áyọ́ọ̀nù tó sì ṣókùnkùn. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti ń mí. Ta ló sọ fún mi? Ohun tó bá ń mí, ó yẹ kó ní imú. Abẹ́rẹ́ aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo yá, mo tú gbogbo ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jí. Ara rẹ̀ ti yá, kí lẹ tún fẹ́?

Ẹ má sì pè mí ní ará oko. Ọjọ́ tí mo wá sí ọ́fíìsì yín, àwọn ọ̀gá yín tó wà nínú gíláàsì ara ògiri kí mi káàbọ̀, èmi náà sì béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ lọ́wọ́ wọn títí o fi fà mí láṣọ pé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. O ní ìlú mìíràn ni wọ́n wà. Síbẹ̀ wọ́n rí mi, wọ́n sì bá mi rẹ́rìn-ín. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹni tó wà nínú gíláàsì kò sí níbẹ̀.

Ohun tó fa ìbínú mi gan-an rèé. Oníbàtà pupa tan tuntun náà, ó ní kí n wo bí o ṣe to àwòrán sí i. Bẹ́ẹ̀dì kọjá, ilẹ̀kùn kọjá, tábìlì kọjá, àga kọjá, ó tún di bẹ́ẹ̀dì. Mo dúró. Mo rò pé ìyá rẹ ń pẹ́ ni, bó ṣe máa ń pẹ́ nígbàkigbà tí a bá fẹ́ jáde. Ó tún yí po, kò yọjú. Mo béèrè rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn wá ní o ní ọjà nìkan ló yẹ kó wà lójú pátákó, pé tí àwọn oníbàárà bá rí olóògbé láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì, ọ̀rọ̀ náà kò ní yé wọn.

Ó dùn mí, Ìyá Kékeré. Ìwọ fúnra rẹ lo ya fọ́tò rẹ̀ tó ń kọjá nínú ti àtijọ́, ó jókòó sínú àga, ó gbé ọwọ́ lé apá àga náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Ṣé o ti gbàgbé ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni? Àga kankan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé ìyá rẹ jókòó sí i. Á jókòó, á mi ìdí, á fẹ̀yìn tì. Tí àga bá dún, kì í sọ̀rọ̀, á kàn wò mí, èmi náà á sì gbé e padà wọlé lọ tún un ṣe. Àwọn oníbàárà ló máa ń béèrè pé ṣé Ìyá ti jókòó sí i. Ẹnu iṣẹ́ ló wà nínú fọ́tò yẹn! Aránṣọ kì í ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ láìkí i. Tí ẹnìkan bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ní kó ṣe sùúrù, pé tí ilẹ̀kùn bá ti kọjá, ìyàwó mi ń bọ̀.

Tí o bá fẹ́ gbé tuntun wá, fúnra rẹ ni kí o gbé e wá. Ojú mi ni ìyá rẹ yóò ti kọjá sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan lára ti àtijọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi.

Fi owó iná ránṣẹ́, nítorí ìyá rẹ kì í jáde tí iná bá lọ. Fi díẹ̀ lé e fún àgádágodo tó le ju èyí lọ, ìwọ lo mọ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ rà á. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́ wọn kò ní gbàgbé rẹ, ìjókòó rẹ kò ní ṣófo.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àga kan wà nílẹ̀ níbí tí mo ṣe lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ. Oníbàárà tó ni ín ti bínú títí ó ti sú u, ó ní kí ló dé tí mi ò gbé e fún òun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e fún un? Kò tíì sí ẹni tó jókòó sí i. Wá, ọmọ mi. Wá jókòó sí i. Tí ó bá dún, má sọ̀rọ̀, ṣáà wò mí.

Èmi ni, bàbá rẹ, káfíńtà.