Àmì Kan Lórí “Ku”

                                        Yàrá Ìwé,
                                        Ilé Ìtọ́jú Ọmọ,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ọkọ̀ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé eyín tó ń da ọmọ yẹn láàmú ti yọ báyìí? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, àbí o ṣì ń gbé garawa omi bí ọmọdé? Mo mọ̀ pé ojú rẹ á ti wú fún ẹkún. Ìwé tí ọ́fíìsì wa fi ránṣẹ́ sí ọ, pé ìyá tó bí ọ ti kú kí wọ́n tó gbé ọ wá sí ilé yìí, jọ̀ọ́, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Má tíì gbà á gbọ́. Ara ọmọ mi ló ń gbóná lọ́sẹ̀ náà tí mi ò fi sí lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá wà níbẹ̀ ni, kì bá tí jáde.

Ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ibí yìí ti kó mi nírìíra. Wọ́n ní a fẹ́ kó ìwé gbogbo ọmọ tí wọ́n ti tọ́ dàgbà níbí sínú kọ̀mpútà, kí ikán má baà jẹ ẹ́ tán. Èmi gan-an yọ̀. O mọ bí èmi àti eruku ṣe rí; ìwọ náà lo sọ mí ní Afínjú nígbà tí a jọ ń gbé yàrá kan nílé ẹ̀kọ́. Àfi ìgbà tí ọkùnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún dé. Kò-sí-wàhálà là ń pè é, nítorí kò sí ohun tí o máa bi í tí kò ní fi ìyẹn dáhùn. Orí tábìlì mi ló ti ń jẹ búrẹ́dì, ìka ọlọ́ràá yẹn náà ló fi ń ṣí ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní ká ya fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà. Ó ní fọ́tò á gba àyè jù, ká kúkú tẹ ọ̀rọ̀ inú wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ wá ń sọ gbogbo lẹ́tà tó lámì di àpótí kéékèèké, ó ní, “Kí ni gbogbo ìgbẹ́ eṣinṣin tẹ́ ẹ tò sórí lẹ́tà yìí? Ẹ fọ̀ ọ́ dànù jàre, kò sí wàhálà.” Èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ló ń pè bẹ́ẹ̀ o!

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rẹ wà. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ ní àṣà kan: bí òbí ọmọ bá ti ṣaláìsí, wọ́n á kọ “kú”, bó bá ṣì wà láyé, wọ́n á kọ “kù”, pé ó ṣẹ́kù. Bàbá kú, ìyá kù. Ta ló ní kí wọ́n má kọ “wà”, kí gbogbo wa sinmi? Ṣùgbọ́n kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí, torí àmì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí Kò-sí-wàhálà fọ àmì tán, gbogbo wọn di “ku”. Akọ̀wé tuntun tó dá ọ lóhùn tẹ orúkọ rẹ, ó rí “iya: ku”, ó sì pa ìyá rẹ kí ife tíì ọwọ́ rẹ̀ tó tutù.

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá wa tuntun. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ ti sọ àwọn òbí tó wà láyé di òkú. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Láti ìgbà tí ìwé wa ti ń sọ pé kò sọ́mọ tó ní ìyá níbí, àánú wa ń ṣe àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Ta ló máa ṣàánú ọmọ tí ìyá ẹ̀ wà láàyè?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó kọ̀wé béèrè ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Ó ti dàgbà. Á gbàgbé.”

Bẹ́ẹ̀ ni, “ó” ni mo kọ. Mi ò lè fi “wọ́n” pè é mọ́. Ọ̀wọ̀ yẹn já bọ́ níwájú tábìlì rẹ̀, mi ò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà á. Wọ́n ń fọ àmì lórí lẹ́tà, wọ́n fi irú ẹni yìí sórí àga. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Àwọn ìwé gidi wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa kó wọn lọ jó. Páìpù ibẹ̀ ń jò. Afínjú rẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́, ó fi ìborùn di imú, ó wọlé. Ìtọ̀ eku. Aáyán tó kú àti aáyán tó kù. Omi dúdú tó ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Mo bì, mo nu ẹnu, mo padà wọlé. Ìdọ̀tí yẹn, ọṣẹ ti fọ̀ ọ́ kúrò lára mi. Ohun tí obìnrin yẹn sọ ni ọṣẹ ò ràn.

Mo rí ìwé rẹ. Omi ti mu ìdajì rẹ̀, àmọ́ orúkọ rẹ hàn. Ní ti bàbá, àmì náà gòkè. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ní ti ìyá, ìgbẹ́ eṣinṣin, ti gidi, ló bo orí lẹ́tà náà. Mo fi òwú tútù nù ún jẹ́jẹ́. Ìgbẹ́ nù. Ìlà kékeré kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò nù, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Kù ni.

Mi ò lè búra nípa tòní. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ dé, ìyá rẹ wà láyé. Àdúgbò tó ti wá wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Mo ti dà á kọ sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Àwọn ìwé yòókù wà lábẹ́ ibùsùn mi. Gbogbo ilé ń rùn, ọkọ mi ń kùn, kò sì sẹ́ni tó máa jó wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi kí eléyín tuntun. Bí o bá sì dé àdúgbò yẹn, tí Ọlọ́run ṣe é, bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi tìrẹ, tí ilé mi ṣì ń rùn,
Afínjú.