Ọkọ̀ Tó Wà Láàárín

Tikoy, ọmọ mi,

Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń sùn? Santo Niño, Jésù Ọmọ-ọwọ́ wa, á máa ṣọ́ ọ ní ìlú Cebu yẹn, ibi ò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Àwa náà wà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

O sọ fún mi lórí fóònù pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa so kọ̀ǹpútà pọ̀, pé àwọn kan ń tò ó sórí okùn kan ṣoṣo, àwọn kan ń so ó yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àwọn olówó ń so oníkálukú mọ́ oníkálukú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin so gbogbo tiyín mọ́ ọ̀kan láàárín. Mo gbọ́ o! Nígbà tí ìjì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí àwọn apẹja fẹ́ so ọkọ̀ wọn mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìṣe wọn, mo pariwo pé rárá, ọmọ mi tó kàwé ní kí á so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Ọkọ̀ Kapitan Osting, olórí àdúgbò wa, la fi ṣe àárín. Yéè, okùn tó so ọkọ̀ Kapitan mọ́ igi já! Gbogbo ọkọ̀ tó kù tẹ̀ lé e lọ bí ọmọ adìyẹ, abúlé kejì la ti lọ kó wọn. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ apá oparun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ bàbá rẹ dojú dé kán. Kapitan bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà máa ń lúwẹ̀ẹ́ ni. Ojú tì mí.

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o fi ọkọ̀ òun lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní kó pè ọ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ó bọ́ síta lọ tún àwọ̀n ṣe. Láti ìgbà tí o ti kọ iṣẹ́ ẹja sílẹ̀, èmi ni ẹ̀yin méjèèjì ń rán níṣẹ́ síra yín. Nenita ẹ̀gbọ́n rẹ pàápàá, ọwọ́ mi ló ti ń béèrè rẹ. Ibẹ̀ lara mi ti bù máṣọ. Àṣé èmi ni ọkọ̀ Kapitan nínú ilé yìí!

Àyà mi ò yéé já láti ọjọ́ ìjì. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn mi ń ṣàìsàn, pé lọ́jọ́ Ajé wọ́n á là mí láyà nílé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀rù ń bà mí, Tikoy. Bí okùn tèmi bá já, ta ni yóò máa bá ọ kí bàbá rẹ?

Jọ̀ọ́, fi owó oparun ránṣẹ́ àti owó mọ́tò mi. Fi okùn búlúù tí ẹ fi ń so kọ̀ǹpútà yẹn kún un, torí mi ò gbọ́ ọ rí pé ìjì gbé kọ̀ǹpútà lọ, okùn ọ̀hún á yi gan-an.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, ọmọ tìrẹ náà á gbọ́ tìrẹ. Ṣáà pe bàbá rẹ kí ọjọ́ Ajé tó dé. Bí kò bá fọhùn, má pa fóònù, ó ń gbọ́ ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Nanay Pasing