Mélòó Ni "Wọ́n"?

                                                            Yàrá Kẹsàn-án,
                                                            Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                                            Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìkókó ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù ti wá jẹ́ kí ẹ máa sùn? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà wọ́n láyè láti máa gun àtẹ̀gùn? Bí gbogbo yín bá wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Èmi náà ò ṣàìsàn. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi débi pé ṣúgà ni mo bù sí ẹ̀wà lánàá dípò iyọ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán bẹ́ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí àwọn tí a jọ wà ní yàrá rí mi fi ṣe yẹ̀yẹ́.

O rántí pé ìwọ lo sọ mí ní Lọ́yà Ọ̀fẹ́ nílé-ìwé girama, nítorí mi ò lè rí ìjà tí kò kàn mí kí n kọjá. Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn tí mo wá ń kọ́ níbí, ìyá àgbà mi ṣì ń gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ ti tán láyé ni, tí ọmọ àwọn fi lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jalè. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ohun tó ń mú èèyàn rú òfin là ń kọ́, àti bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ kí ìyà má bàa jẹ aláìṣẹ̀, pé mo fẹ́ di agbẹjọ́rò ìjọba lọ́la. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má kó àwọn tí mò ń kọ́ nípa wọn wálé o.

Ní ọdún kejì, wọ́n máa ń pín wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ká lè fojú ara wa rí iṣẹ́. Ọ̀gá kan báyìí ni wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀, Kọ̀wé-Kíá ni gbogbo àgọ́ ń pè é. Má wò ó pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó"; tí o bá kà á tán, wàá mọ ìdí. Bí ẹlẹ́rìí bá ń fi Yorùbá ròyìn, Gẹ̀ẹ́sì ni Kọ̀wé-Kíá á ti máa fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni náà tó mí, ó ti parí, ó ti na ìǹkì sí i pé kó tẹ̀ka. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀bùn ni. Ìkánjú ni, ọ̀rẹ́ mi.

Bàbá kan tí ewú ti bo gbogbo orí rẹ̀ ló wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí onítọ̀hún lọ ra wáyà. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n kan, ó gbé e sínú takisí tó háyà, ó bá tirẹ̀ lọ. Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà lódìkejì títì rí i. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni onídìrí yìí, ó máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tó dé àgọ́, ó ní wọ́n wọlé, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Olè ni bàbá yẹn o, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ náà ò gbà á láti pe eléwú lórí ní "ó". Kọ̀wé-Kíá bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn èèyàn ni, pé wọ́n ju ẹnì kan lọ tó gbé e.

Wọ́n mú bàbá, bàbá jẹ́wọ́, ó ní òun nìkan ni. Wọ́n ní irọ́ ni, ìwé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá lọ mú dẹ́rẹ́bà takisí, ẹni tí kò tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó rò pé ńṣe ni bàbá wá gba ohun ìní rẹ̀ tó fún wọn tún ṣe. Wọ́n tì í mọ́lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé abọ́ oúnjẹ wá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà títí yóò fi wu àwọn ọlọ́pàá láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń fún un ní àga.

Ìgbà tí onídìrí gbọ́ pé dẹ́rẹ́bà wà látìmọ́lé ló sáré wá bá mi, ó ní kí ló ṣe. Mo bi í pé àwọn tó wọ ṣọ́ọ̀bù, mélòó ni wọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

"Ẹnì kan ṣoṣo kúkú ni wọ́n."

Mo lọ bá Kọ̀wé-Kíá, ó ní ẹlẹ́rìí ti tẹ̀ka, ìwé ti kúrò lọ́wọ́ òun, tí wọ́n bá dé kóòtù kí adájọ́ bá wọn yanjú ẹ̀. Ọjọ́ wo ni kóòtù? Kò mọ̀. Mo lọ bá olùkọ́ wa. Olùkọ́ tó kọ́ wa pé ẹyin lọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, pé bó bá bọ́ kò ṣeé kó mọ́, òun náà ló ní wíwò ni wọ́n ní kí n lọ wò, wọn ò ní kí n sọ̀rọ̀, kí n rọra gba máàkì mi. Ṣé o wá rí nǹkan? Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó la ojú wa, òun ni wọ́n fẹ́ fi dì wá lẹ́nu.

Ní Ọjọ́rú, a wà ní káńtà, ìyàwó dẹ́rẹ́bà dúró pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Àbúrò Kọ̀wé-Kíá pè é lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ń bèèrè ìyá wọn: ṣé wọ́n ti jẹun, ṣé wọ́n ti lo oògùn wọn, kó sọ fún wọn pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ọ̀gá, ìyá yín mélòó ló wà nílé?"

Ó ní ìbéèrè radarada wo nìyẹn, ìyá ta ni kì í ṣe ọ̀kan.

"Mo gbọ́ tí ẹ̀ ń pè wọ́n ní 'wọ́n' ni. Mo ní bóyá ká lọ mú èkejì wọn."

Omi há ọlọ́pàá kan lọ́fun níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Kọ̀wé-Kíá ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyàwó dẹ́rẹ́bà, ó wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lé mi jáde.

Lánàá, onídìrí pè mí. Ó ní wọ́n ránṣẹ́ pe òun, wọ́n tún ọ̀rọ̀ òun kọ, wọ́n sì ti tú dẹ́rẹ́bà sílẹ̀. Mo fò sókè. Ó ní kí n dúró ná. Ó ní Kọ̀wé-Kíá sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó máa dúpẹ́ pé aláàánú lòun. Ọkùnrin yẹn bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Ọpẹ́ kí ni? Ọpẹ́ pé wọ́n tì í mọ́lé nítorí ọ̀wọ̀ tí onídìrí bù fún olè? Ẹnikẹ́ni ò ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ni takisí ti gbé e fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti lọ da ṣúgà sínú ẹ̀wà.

Kò tán o. Kọ̀wé-Kíá ti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ wa pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Èmi! Ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n mú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ sí i wá lọ́jọ́ Ajé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ màá tún ọdún yìí ṣe. Mo ti kọ ọ́. Gbólóhùn kan ni. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá yín, nítorí mo fa orúkọ wọn wọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fa ti dẹ́rẹ́bà." Ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá tún ọdún ṣe, màá ṣì di agbẹjọ́rò.

Bá mi kí ọkọ rẹ, sì bá mi gbé ìkókó jó díẹ̀. Bá mi kí Màmá gan-an. Sọ fún wọn pé mo kúnlẹ̀ kí wọn, pé mò ń bọ̀ wá wò wọ́n tí a bá gba ìsinmi. Bí ọlọ́pàá bá sì já lẹ́tà yìí kà lọ́nà, kó yáa mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n.

                                                            Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ṣì ń bí,
                                                            Lọ́yà Ọ̀fẹ́.